Ìyá tó tún dé: Bí ọmọ-ọmọ ìyálóòṣà Yorùbá ṣe sọ yanrìn etí òkun di ilé-ẹ̀kọ́ ijó ní Sẹ̀nẹ̀gàl

Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú orílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gàl, tí ẹ sì sọ fún onítakisí pé Toubab Dialaw lẹ̀ ń lọ, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bó bá bi yín pé ṣé ijó lẹ bá wá. Bó ṣe bi mí nìyẹn. Èmi tó jẹ́ pé bí onílù bá ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi lóde àríyá, àga ni mo máa ń sáré wá! Mo ní rárá o, mo kàn fẹ́ lọ wo ibẹ̀ ni. Ọkùnrin náà wo ẹsẹ̀ mi, ó wo ojú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú. Faransé díẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ọwọ́ la fi parí ìyókù ọ̀rọ̀ wa títí a fi débẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ohun tó gbé mi lọ, kí ẹ má baà rò pé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ mi. Orúkọ kan ni. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Laure Malécot ló ṣe fíìmù nípa àgbà oníjó kan, Germaine Acogny, ẹni tí àwọn oníjó káàkiri àgbáyé ń pè ní ìyá ijó òde òní nílẹ̀ Áfíríkà. Orúkọ tí wọ́n kọ sára fíìmù ọ̀hún ni mo rí tí mo fi jókòó dáadáa: "Iya Tundé". Wọ́n wá fi Faransé túmọ̀ ẹ̀ pé ìyá ti padà dé. Mo ní háà! Ìyátúndé kẹ̀? Ìyátúndé, Yétúndé, ọ̀kan náà ṣáà ni. Kí ni Ìyátúndé wá dé ọ̀dọ̀ àwọn Wolof, níbi tó jìnnà sílé tó báyẹn? Ìbéèrè yẹn ni mo gbé wọ ọkọ̀ òfurufú.

Láyé àtijọ́, inú ìlú Dakar ni bàálù máa ń balẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n láti oṣù Disẹ́ńbà 2017 ni wọ́n ti ṣí pápákọ̀ tuntun tí wọ́n fi orúkọ Blaise Diagne pè, ní ibi kan tí wọ́n ń pè ní Diass. Ìyẹn ni pé ẹni tó ń lọ sí Toubab Dialaw kò tiẹ̀ nílò láti dé Dakar rárá. Láti Dakar gan-an, abúlé náà tó nǹkan bíi kìlómítà 50, ní etí òkun tí wọ́n ń pè ní Petite Côte. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ, ó pupa. Igi oṣè ló pọ̀ lójú ọ̀nà, àwọn igi ràgàjì tí ikùn wọn tóbi, tí ẹ̀ka wọn dà bíi gbòǹgbò tí wọ́n dojú ẹ̀ kọ òkè. Ewúrẹ́ ń jẹ̀, ẹṣin ń fa kẹ̀kẹ́ ẹrù, àwọn ilé búlọ́ọ̀kù tí wọn ò tíì kọ́ parí tò lọ rẹrẹ, àfi bíi pé èèyàn wà lójú ọ̀nà Mowé sí Ìbàfò. Èèyàn á máa wò ó pé níbo ni wọ́n ń gbé òun lọ gan-an. Lójijì ni òkun á yọ níwájú, á sì tẹ́ lọ bẹẹrẹ.

Lédè Wolof, òyìnbó ni wọ́n ń pè ní toubab. Mo bi awakọ̀ mi léèrè pé òyìnbó wo ni wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe abúlé yìí. Ó kàn gbé èjìká sókè ni, ó ní òun ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn.

Abúlé apẹja ni Toubab Dialaw. Àwọn Lebou ló ni ilẹ̀ náà, ẹ̀yà tó jẹ́ pé òkun ni oko wọn. Ọkọ̀ igi wọn gùn, imú rẹ̀ ṣọnṣọ, wọ́n sì fi ọ̀dà oríṣiríṣi kùn ún lára bí ẹní múra ọdún. Bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ báyìí, àwọn obìnrin á ti gbé abọ́ dúró, ariwo á sọ, owó ẹja á bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti ra ẹja ní Mákòókò tàbí ní Ẹ̀pẹ́ rí kò ní í sọ pé òun ṣìnà.

Mùsùlùmí lọ̀pọ̀ àwọn Lebou. Síbẹ̀, wọ́n ní àṣà kan tí wọn ò tíì jọ̀wọ́ ẹ̀, ndëpp ni wọ́n ń pè é. Bí ẹ̀mí bá ń da èèyàn láàmú, tí ọkàn ẹ̀ ò balẹ̀ mọ́, ìlù àti ijó ni wọ́n fi ń tọ́jú ẹ̀. Àwọn àgbà, tó sì jẹ́ pé obìnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, á kó onílù jọ, wọ́n á pa ẹran, wọ́n á sì máa jó yí aláìsàn náà ká títí ara ẹ̀ á fi rọlẹ̀. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí wa? Ẹni tó bá ti dúró níbi tí òrìṣà ti ń gun elégùn rí mọ ohun tí mò ń wí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ìlù sabar tún wà, tí wọ́n ń fi ọwọ́ kan àti ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan lù. Bí ìlù yẹn bá ti bẹ̀rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó, àwọn obìnrin á fò bọ́ sáàárín, ẹsẹ̀ á fẹ́ẹ́ lọ sókè, kí ẹ tó ṣẹ́jú, wọ́n ti padà síbi tí wọ́n dúró sí. Nítorí náà, kì í ṣe inú aṣálẹ̀ ni wọ́n lọ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ijó sí. Ilẹ̀ tó ti ń jó tẹ́lẹ̀ ni.

Kí n tó gòkè lọ síbi ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo jẹun. Ìrẹsì ni, wọ́n fi ẹja, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀gẹ́ àti kábéèjì dé e lórí. Thiéboudienne ni wọ́n ń pè é. Àwọn ará ibẹ̀ á sì sọ fún yín láìrẹ́rìn-ín pé àwọn ni baba jọ̀lọ́ọ̀fù tí à ń fi yangàn nílé. Wọn ò kúkú parọ́, nítorí orúkọ ìjọba Jolof wọn àtijọ́ ló wà lára oúnjẹ wa. Mo gbé ẹnu mi dákẹ́, mo jẹun tán. Ẹni tó ń jẹ oúnjẹ olóúnjẹ kì í bá a jiyàn.

Nǹkan kan tún dá mi dúró lójú ọ̀nà. Àwọn ilé kan wà létí òkun níbẹ̀ tí wọ́n fi òkúta àti ìkarahun etí omi ṣe lára lọ́ṣọ̀ọ́, òrùlé wọn jẹ́ koríko, ògiri wọn rí kọlọkọlọ. Sobo Badè ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Haiti kan, Gérard Chenet, akéwì àti oníṣẹ́ ọnà, ló kọ́ ọ. Wọ́n bí i ní 1927, ó kú ní 2022. Mo bi wọ́n pé kí ni Sobo Badè. Wọ́n ní orúkọ àwọn ẹ̀mí ààrá àti ìjì tí wọ́n ń bọ ní Haiti ni. Ilẹ̀ Dàhòmì ni àwọn ẹrú ti gbé wọn lọ síbẹ̀. Ẹ gbọ́ ná: wọ́n fi ọkọ̀ ẹrú gbé ẹ̀mí ààrá kúrò ní Dàhòmì lọ sí Haiti, ọmọ Haiti tún wá gbé e padà wá sí etí òkun Sẹ̀nẹ̀gàl. Èmi tó jẹ́ pé Ṣàngó ni ààrá tí mo mọ̀, mo dúró níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ń yé mi díẹ̀díẹ̀ pé abúlé yìí fẹ́ràn àwọn nǹkan tó lọ tó sì tún padà dé.

Ẹ wá bá mi gòkè wàyí. Orí ilẹ̀ gíga kan ni École des Sables wà, lápá kan abúlé náà. Ìtumọ̀ orúkọ ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ yanrìn. Láti òkè yẹn, èèyàn á rí ọ̀sà nísàlẹ̀, á rí òkun lẹ́yìn ọ̀sà, atẹ́gùn á sì máa fẹ́. Àwọn ilé kéékèèké tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń sùn wà káàkiri inú ọgbà. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo èèyàn ń wá wò ni gbọ̀ngàn ijó kan tó ní òrùlé ṣùgbọ́n tí kò ní ògiri yíká. Nígbà tí mo wo ilẹ̀ ibẹ̀, kò sí símẹ́ńtì, kò sí pákó, kò sí táìlì. Yanrìn ni.

Mo bọ́ bàtà, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹni tó bá rò pé ó rọrùn láti jó nínú yanrìn, kó lọ dán an wò. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀, ilẹ̀ á gbà á mọ́ yín lọ́wọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fò, ilẹ̀ á fà yín padà. Kí n tó rìn já gbọ̀ngàn náà, itan ti ń ro mí. Àmọ́ ẹni tó bá fi oṣù méjì mẹ́ta jó nínú rẹ̀, tó wá bọ́ sórí pákó ìtàgé ní Paris tàbí New York, ara ẹ̀ á fúyẹ́ bí ìyẹ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, yanrìn kì í jẹ́ kí èèyàn gbàgbé ilẹ̀. Àwọn oníjó ballet òyìnbó, òkè ni wọ́n ń wò, wọ́n fẹ́ fò kúrò nílẹ̀. Ijó tiwa, ilẹ̀ la ń bá sọ̀rọ̀. Orúnkún á tẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ á fọwọ́ sí i.

Ta wá ni obìnrin tó dá gbogbo èyí sílẹ̀? Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1944 ni wọ́n bí Germaine Acogny ní Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn òyìnbó ń pè ní Porto-Novo, ní ilẹ̀ tó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, tó ti di orílẹ̀-èdè Benin báyìí. Ìyá bàbá rẹ̀, Aloopho, ìyálóòṣà ni, ọmọ Yorùbá sì ni. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀, Togoun Servais Acogny, ọ̀dọ̀ àwọn míṣọ́nnárì ló ti kàwé, ó di ọmọ ìjọ Àgùdà, ó sì di òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé tó ń ṣàkóso ilẹ̀ wọn nígbà yẹn. Iṣẹ́ yẹn ló gbé e dé Sẹ̀nẹ̀gàl, ọmọdé ni Germaine nígbà tí wọ́n débẹ̀.

Ẹ wò ó bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Ìyá wà nídìí òrìṣà, ọmọ bọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì àti ọ́fíìsì òyìnbó. Lọ́pọ̀ ilé nílẹ̀ wa, ibẹ̀ ni ìtàn máa ń parí sí. Wọ́n á ti ilẹ̀kùn ojúbọ pa, àwọn ọmọ-ọmọ ò sì ní í mọ̀ ju pé ìyá àgbà kan wà tó ń ṣe nǹkan àtijọ́. Ṣùgbọ́n wọ́n sọ ọmọbìnrin yìí ní Ìyátúndé. Wọ́n gbà pé Aloopho ló padà wá. Àwa tí à ń sọ ọmọ ní Yétúndé àti Babátúndé mọ ẹrù tó wà nínú irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá sọ bẹ́ẹ̀, bí ẹní gba nǹkan kan lọ́wọ́ òkú ni, ó sì di dandan kó fi í ṣe nǹkan.

Ní 1962, Germaine lọ sí Paris, ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá àti bí èèyàn ṣe ń lo ara. Ó kọ́ ballet, ó kọ́ ijó ìgbàlódé àwọn òyìnbó. Nígbà tó padà sí Dakar, ó ṣí ilé ijó tirẹ̀ ní 1968. Ohun tó sì wá ń ṣe níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kó yé yín dáadáa, nítorí àwọn kan rò pé ìdàpọ̀ ijó ìbílẹ̀ àti ijó òde òní ni pé kí wọ́n lu bàtá díẹ̀, kí wọ́n fò bíi òyìnbó díẹ̀, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ rántí ìyá àgbà tó ń se ọbẹ̀ nílé. Ojú ló fi ń wọn iyọ̀, imú ló fi ń mọ̀ pé epo ti jiná. Bó bá kú láìjẹ́ pé ọmọ kan dúró tì í nídìí àdògán, ọbẹ̀ yẹn bá a lọ nìyẹn. Ohun tí Germaine ṣe fún ijó ni ti ọmọ tó dúró tì í nídìí àdògán, tó wọn iyọ̀ náà, tó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọmọ Kenya tàbí ọmọ Jámánì tí kò rí ìyá àgbà náà rí lè se é. Ó mú ijó tó jogún àti èyí tó rí káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà, ó wò ó pé ibo ni agbára ẹ̀ ti ń wá, ó ní ọ̀pá ẹ̀yìn ni. Ó pe ọ̀pá ẹ̀yìn ní ejò ìyè. Ó ní àyà ni oòrùn, ìdí ni òṣùpá. Ó wá ń sọ ìṣesí kọ̀ọ̀kan lórúkọ láti ara ohun tó wà láyìíká wa. Igi àràbà wà níbẹ̀, òṣíbàtà orí omi náà wà níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ń ṣe igi àràbà gbọ́dọ̀ rìn mọ́lẹ̀ bí gbòǹgbò, kí ara òkè ẹ̀ sì máa là bí ẹ̀ka. Ní 1980, ó gbé ìwé jáde lórí ẹ̀, ó pè é ní "Danse africaine", ní èdè Faransé, Gẹ̀ẹ́sì àti Jámánì.

Nígbà tó fi máa kọ ìwé yẹn, olórí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ló ti jẹ́. Ààrẹ Sẹ̀nẹ̀gàl ìgbà náà, Léopold Sédar Senghor, akéwì ni, ó sì gbà pé orílẹ̀-èdè tí kò bá ní iṣẹ́ ọnà kò ní ẹ̀mí. Òun àti àgbà oníjó kan, Maurice Béjart, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ ní ìlú Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gàl, ni wọ́n jọ dá Mudra Afrique sílẹ̀ ní Dakar ní 1977. Ọdún yẹn kan náà ni àwa ń ṣe FESTAC ní Èkó. Germaine ni wọ́n fi ṣe olùdarí. Àwọn ọmọ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ló wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n Senghor gbéjọba sílẹ̀ ní ìparí 1980. Nígbà tó di 1982, owó kò wọlé mọ́, iṣẹ́ Germaine níbẹ̀ parí, Mudra Afrique sì kógbá sílé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀. Kì í ṣe pé ijó tán ní Dakar. Onílù ò tán, akẹ́kọ̀ọ́ ò tán. Orí àga ẹlòmíì ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jókòó sí, nígbà tí alága dìde, ó ṣubú.

Germaine kó lọ sí Brussels lọ́dọ̀ Béjart. Ní 1985, òun àti ọkọ rẹ̀, Helmut Vogt, ọmọ Jámánì, ṣí ilé ijó ní Toulouse ní ilẹ̀ Faransé. Ó ń jó káàkiri ayé, orúkọ ẹ̀ ń rò. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó bá ríṣẹ́ àti orúkọ nílùú òyìnbó, wọn kì í fẹ́ gbọ́ pé kí àwọn padà sílé. Òun àti ọkọ rẹ̀ padà ní 1995. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn ò dúró de ààrẹ kankan. Toubab Dialaw ni wọ́n lọ. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 1998, ó sì di 2004 kí wọ́n tó kọ́ ọgbà náà parí. Ọdún 1998 yẹn náà ni wọ́n dá ẹgbẹ́ oníjó Jant-Bi sílẹ̀. Oòrùn ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Wolof.

Ṣé ijó ìdárayá lásán ni wọ́n wá ń jó níbẹ̀? Ó tì o. Ní 2004, Germaine àti ọmọ Japan kan, Kota Yamazaki, gbé ijó kan jáde fún àwọn ọkùnrin Jant-Bi, wọ́n pè é ní "Fagaala", lórí ìpakúpa tó ṣẹlẹ̀ ní Rùwáńdà ní 1994. Ní 2008, àwọn ọkùnrin Jant-Bi tún bá àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú láti Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Urban Bush Women, jó lórí ọ̀rọ̀ ìrántí àti oko ẹrú. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ àwọn tó kù sílé àti ọmọ àwọn tí wọ́n kó lọ, lórí ìtàgé kan náà, tí wọ́n ń wo ara wọn lójú. Ijó àtijọ́ nìkan ò lè sọ gbogbo ìyẹn, ijó òyìnbó nìkan ò lè sọ ọ́. Ìdí tó fi dà wọ́n pọ̀ nìyẹn.

Òun fúnra rẹ̀ ò sì jókòó. Nígbà tó lé ní 70 ọdún, ó tún ń dá jó lórí ìtàgé. Nínú ijó kan tó ń jẹ́ "À un endroit du début", tó jáde ní 2015, ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ àti ìyá àgbà rẹ̀ ló gbé wá síwájú èrò. Ìwé tí bàbá náà kọ sílẹ̀ ló ń kà. Bàbá tó kúrò nídìí òrìṣà àti ìyá tó kú sídìí ẹ̀, ọmọ náà kó àwọn méjèèjì sínú ara kan ṣoṣo.

Ohun tó wá sọ orúkọ abúlé yìí di ńlá jù ṣẹlẹ̀ ní 2020. Ijó kan wà tí òyìnbó ń pè ní "The Rite of Spring". Stravinsky ló ṣe orin rẹ̀, 1913 ni wọ́n sì kọ́kọ́ jó o ní Paris. Ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin kan ni, tí wọ́n yàn láti jó títí á fi kú, kí ilẹ̀ lè so èso. Ọmọ Jámánì kan, Pina Bausch, to ijó tirẹ̀ sí orin náà ní 1975, ó ní kí wọ́n da ilẹ̀ dúdú kún orí ìtàgé kí àwọn oníjó máa jó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn tó ti kú, àwọn tó ń tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ gbé e wá sí École des Sables. Wọ́n ṣa oníjó 38 láti orílẹ̀-èdè 14 nílẹ̀ Áfíríkà. Dakar ni wọ́n fẹ́ kọ́kọ́ jó o sí ní oṣù Mááṣì 2020. Lóṣù yẹn gan-an ni àrùn Kòrónà dé, tí wọ́n ní kí èèyàn má pé jọ mọ́, kí oníkálùkù máa lọ sílé.

Kí wọ́n tó túká, wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí òkun Toubab Dialaw ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n jó o lẹ́ẹ̀kan lórí yanrìn, oòrùn ń wọ̀, ìgbì ń pariwo lẹ́yìn wọn, wọ́n sì fi kámẹ́rà gbà á sílẹ̀. Fíìmù yẹn, "Dancing at Dusk", ni àwọn èèyàn tí wọ́n há mọ́lé káàkiri ayé wò lọ́dún yẹn. Ní 2021, wọ́n wá gbé ijó náà lọ sí Yúróòpù. Bákan náà ní 2021, ìlú Venice ní Ítálì fún Germaine Acogny ní Kìnnìún oníwúrà nítorí iṣẹ́ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Ó ti lé ní 80 ọdún báyìí, ó sì ti fa ìdarí ilé-ẹ̀kọ́ náà lé àwọn ọ̀dọ́ lọ́wọ́. Lára àwọn tó kọ́kọ́ gbà á ni Alesandra Seutin àti Wesley Ruzibiza ọmọ Rùwáńdà.

Bí ó bá ṣe pé ibí ni ọ̀rọ̀ parí sí, mi ò bá kàn ní ẹ kú ewu, kí n dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá dúró lórí òkè yẹn, tó sì mọ ohun tó ń lọ ní agbègbè náà, ọkàn ẹ̀ kò ní í balẹ̀. Ní oṣù Jánúárì 2022, wọ́n fi òkúta ìpìlẹ̀ èbúté ọkọ̀ ojú omi tuntun lélẹ̀ ní Ndayane, tí kò jìnnà síbẹ̀. Iléeṣẹ́ DP World láti Dubai àti ìjọba Sẹ̀nẹ̀gàl ló jọ ń ṣe é, owó rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Èbúté kì í dá nìkan wá. Títì á tẹ̀ lé e, ilé ẹrù á tẹ̀ lé e, trélà á tẹ̀ lé e. Àwa tí a mọ Àpápá mọ ohun tí mò ń wí. Ilẹ̀ tí kò sẹ́ni tó wò ó tẹ́lẹ̀ á wá di wúrà, àwọn tí ẹ ò rí rí á sì máa gbé ìwé ilẹ̀ jáde. Ẹ̀rù ń ba àwọn apẹja nítorí òkun, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ náà nítorí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀ àti òkè tó yí i ká.

Mi ò sọ pé kí Sẹ̀nẹ̀gàl má kọ́ èbúté o. Ọmọ tó wà nílé láìríṣẹ́ ò lè jẹ yanrìn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí Mudra Afrique tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Lẹ́ẹ̀kan rí, àga yẹ̀ lábẹ́ obìnrin yìí, ó lọ wá ilẹ̀ tirẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú àtẹ́lẹsẹ̀ ara ẹ̀. Bí ilẹ̀ náà bá tún lọ, ibo ni wọ́n á gbé gbogbo nǹkan wọ̀nyí sí? Èèyàn lè kọ ijó sínú ìwé, ó lè gbà á sínú fíìmù. Ṣùgbọ́n ibi tí àgbà á ti fi ọwọ́ kan ọ̀pá ẹ̀yìn ọmọdé, tí á ní "kò rí bẹ́ẹ̀, tún un ṣe", ìwé ò lè ṣe ìyẹn. Ohun tí kò bá ní ilẹ̀ kò lè ta gbòǹgbò.

Ọ̀rọ̀ yìí sì ń bá mi bọ̀ nílé. Láti Èkó sí Àjàṣẹ́, níbi tí wọ́n ti bí Ìyátúndé, kò ju láti Èkó sí Ìbàdàn lọ. Bàtá wà nílé wa, gẹ̀lẹ̀dẹ́ wà, dùndún wà. A máa ń ná owó fún onílù lóde ọjọ́ Sátidé, ṣùgbọ́n bí ọmọ wa bá ní ijó lòun fẹ́ kọ́, a ó bú u bí ẹní jalè. A ó ní ṣé ijó ló máa jẹ ni? Ẹ sì wò ó o, ohun tí ìyálóòṣà kan fi sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́, tí ọmọ rẹ̀ kúrò nídìí ẹ̀, ni gbogbo ayé ń wọ ọkọ̀ òfurufú lọ kọ́ lórí yanrìn ní Sẹ̀nẹ̀gàl, tí wọ́n sì ń sanwó.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ wò ó, ìwé ìrìnnà ECOWAS yín tó, ẹ ò nílò físà. Owó sẹ́fà ni wọ́n ń ná. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè kí ẹ tó wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, nítorí ibi iṣẹ́ ni, kì í ṣe ọgbà ẹranko. Bí wọ́n bá sì gbà yín láyè, ẹ bọ́ bàtà.

Nígbà tí mò ń padà lọ sí pápákọ̀, awakọ̀ kan náà ló wá gbé mi. Ó bi mí pé ṣé mo jó. Mo ní mo rìn nínú yanrìn yẹn ni, itan ṣì ń ro mí. Ó ní bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo wo ẹsẹ̀ mi, yanrìn ṣì wà láàárín ọmọ ìka. Mi ò gbọ̀n ọ́n dànù. Mo gbé e délé.